Tépù Ló Nà

Bàbá Ìbejì,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan fẹ́ wá gba aṣọ rẹ̀ ní kùtù. Ẹ̀wà yín wà nínú ìkòkò, ẹ̀fọ́ tí mo já lẹ́yìnkùlé wà nínú abọ́. Ẹ má bu ṣúgà sí nǹkan kan o.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Látìgbà tí nọ́ọ̀sì ti ní kí ẹ jáwọ́ nínú oúnjẹ inú agolo àti inú ọ̀rá, kí oúnjẹ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa lára yín, ni mo ti ń wọn ìbàdí yín. Tépù ní ẹ ń fọn, ẹ sì ti fi yangàn fún ẹ̀gbọ́n yín. Àmọ́ bọ́tìnnì ṣòkòtò yín ò tíì dé ihò. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Láàárọ̀ yìí, mo tẹ́ tépù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù tuntun. Áà! Ó ti gbó, ó ti nà, ìdí nìyẹn tí iye tó ń kà fi ń dín kù. Òun ló nà, ẹ̀yin kọ́ lẹ fọn. Ẹ má bínú.

Kí ló wá dé tí ẹ kì í mí hẹlẹ mọ́ tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn ilé wa? Kí ló dé tí ẹ ò hanrun mọ́? Kí ni ẹ̀wà yẹn ń ṣe níkùn yín tí tépù ò rí? Ara mi ò ní balẹ̀ títí n ó fi mọ̀ ọ́n.

Torí náà, ẹ má fìbínú lọ ra búrẹ́dì. Tépù lè purọ́, àtẹ̀gùn ò mọ irọ́ pa. Èmi tí mo ń jẹ bisikíìtì tí mo gbà lọ́wọ́ yín ni mo ń mí hẹlẹ báyìí.