Bí Mo Ṣe Fi Kẹ̀kẹ́ Àfẹ̀yìntì Gun Òkè

                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àárò wa. Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí ẹ sinmi? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà láràárọ̀? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn yín ti ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn eyín. Ẹ bá mi sọ fún un pé ọ̀kan tó ń dùn mí lẹ́nu ti ń dúró dè é.

Níbí, a dúpẹ́. Ara mi le ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé bàbá àwọn ọmọ mi ti fi ẹjọ́ mi sùn yín lórí fóònù pé mò ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri. Ẹ jẹ́ kí èmi náà rojọ́ tèmi, torí ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ẹ rántí àìsàn etí yẹn. Dókítà ní ohun tó ń mú èèyàn dúró ṣinṣin nínú etí ló bàjẹ́, pé kò ní padà sí bó ṣe wà. Láti ìgbà náà, ògiri ni mò ń dì mú rìn láti yàrá dé ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá jókòó ti maṣíìnì, aránṣọ ni mí; bí mo bá dìde, mo di ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ibo ni mò ń lọ mọ́. Gbogbo èèyàn kàn ń bi mí pé ṣé mo ti jókòó dáadáa.

Nínú oṣù kẹfà, wẹ́dà tó ń jó irin ní òdìkejì títì gbé aṣọ líle kan wá, oníhò wínníwínní, ó ní kí n rán an bí ìjókòó àga. Mo rán an, mo fi okùn sí etí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ irú àga tó máa jẹ́. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ní kí n wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀kẹ́ ni! Táyà méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ìjókòó tí mo rán wà láàrin, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ajá àdúgbò ń wò ó bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Èèyàn á fẹ̀yìn tì bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn, ẹsẹ̀ á nà síwájú sórí pẹ́dà, ọwọ́ méjèèjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí lórí irin tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tí òun wà nínú rẹ̀ ni òun ṣe é fún, fún ẹni tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì bá ṣòro fún. Ó ní kí n jókòó kí òun wo bóyá aṣọ náà fà dáadáa.

Mo jókòó. Òòyì dé bó ṣe máa ń dé, ayé yí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà kò yí. Mo dúró kí ayé parí eré rẹ̀, mo wá fi ẹsẹ̀ wà á. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, mo ti dé iwájú ilé onígbàjámọ̀.

Ẹgbẹ́ yìí máa ń jọ gun kẹ̀kẹ́ lóṣooṣù láti ìlú dé abúlé kan, wọ́n á sì padà. Kì í ṣe eré ìje. Àwọn kan á dúró ní oríta láti dá ọkọ̀ dúró, bọ́ọ̀sì kékeré kan á sì máa tẹ̀ lé ẹni tó gbẹ̀yìn, kí ó lè gbé ẹni tó bá rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní bí mo ṣe lọ sílẹ̀ yẹn, ọkọ̀ ò ní rí mi. Wẹ́dà so àsíà pupa mọ́ ọ̀pá gígùn lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ní àsíà kì í dá ọkọ̀ dúró. Òótọ́ ló sọ. Mo lọ.

Ìrìn àkọ́kọ́ kò dára. Mò ń bá àwọn tó wà níwájú dù ú, iṣan itan mi dì kí a tó dé ìdajì. Àwọn tó ń kọjá á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá," bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Bọ́ọ̀sì gbé mi. Mo jókòó láàrin táyà àti ike omi títí mo fi délé. Bàbá àwọn ọmọ ò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó kàn gbé omi gbígbóná wá fún ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá àwọn ọmọ ní òun á wà nínú bọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń gbé mi ni.

Òkè kan wà lẹ́yìn afárá, ó ga bí àkàbà. Gbogbo èèyàn ti lọ. Mo ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù, ìgbín á kọjá mi tó bá wù ú. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀sì dúró, ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ ìró bàtà ọkọ mi lórí ọ̀dà. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ìjókòó mi.

"Bàbá Ìbejì, má tì mí."

Ó mú ọwọ́ kúrò. "Ṣé kí wọ́n gbé ẹ ni?"

Mo ní rárá. Mo di bíréèkì mú, mo dúró gbọn-in láàrin òkè. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti yé mi. Bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì bá dúró, ó ṣubú nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn yòókù fi ń gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tèmi lè dúró, kí ó sinmi, kí ó tún máa lọ. Látìgbà tí àìsàn yìí ti dé, mo ti rò pé ìdúró àti ìṣubú, ọ̀kan náà ni.

Mo mí kanlẹ̀, mo tún wà á. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì ní láti yára. A ń sọ ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò àti àwọn ọmọ tí kì í pe ilé. Nígbà tó yá, ó kọjú síwájú, ó ní, "Mo máa ń jí lóru, kí n wo bóyá o ṣì ń mí." Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú ní balùwẹ̀, òun ò tíì sun oorun àsùnwọra. Mi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tó ń wò mí lójú akọ yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló ti sú u.

A dé orí òkè. Ó ní kí n rọra. Mo tú bíréèkì sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yìí wúwo, ó sì lọ sílẹ̀. Bó bá ti kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sẹ́ni tó lè mú un. Atẹ́gùn wọ inú akoto mi, ilẹ̀ ń sá lọ lábẹ́ ìdí mi. Mo gbọ́ tó ń pè mí, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo kọjá àwọn mẹ́ta kan tó ń fìṣọ́ra sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan sì ké sí àwọn yòókù pé kí wọ́n yà fún mi. Kò pè mí ní màmá.

Ìgbéraga yẹn kò pẹ́. Nígbà tí ọ̀nà tẹ́jú, gbogbo wọn tún kọjá mi. Èmi ni mo gbẹ̀yìn, wọ́n ti ń ká àga níbi tí ìrìn parí sí nígbà tí mo débẹ̀, wẹ́dà nìkan ló pàtẹ́wọ́. Mo di apá rẹ̀ mú, mo lọ síbi bọ́ọ̀sì kí ọkọ mi lè rí mi lórí ìdúró. Ó ti sùn. Ó gbé orí ti gíláàsì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun. Awakọ̀ ní bó ṣe padà wọ ọkọ̀, tó ń wò mí níwájú wọn lórí ọ̀nà títẹ́jú náà, ni oorun gbé e lọ. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo dúró tì í, mi ò jí i.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi kí gbogbo ilé àti aládùúgbò yín tó máa ń wá gba ata. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tó ń fẹ̀yìn tì rìnrìn àjò,

Adúmáadán.