Àbùlà Inú Dáyámọ́ǹdì

Yàrá Keje, Òkè Kejì,
Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó fi orúkọ mi sọ ológbò rẹ̀? Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Mi ò lè jókòó kọ ìlà méjì kí n má dìde lọ sójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ Màámi ni. Ní Sátidé, wọ́n bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe gan-an. Èmi òpònú, mo ní àbùlà là ń ṣe sí dáyámọ́ǹdì. Ẹyin lohùn lóòótọ́! Ìyá tó ta oyin títí orí fi funfun, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ojúlówó torí pé omi kò kan oyin wọn rí, àwọn ni mo lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá bu omi lu oyin, á bu omi lu ìyá ẹ̀!" Wọ́n pa fóònù. Láti ìgbà náà, wọn ò gbé ìpè mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé wọn. Dáyámọ́ǹdì tiwa kì í ṣe ti ẹ̀gbà ọrùn. Inú ẹ̀rọ la ti ń ṣe é. Bó bá mọ́ gaara, iná mànàmáná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fẹ́ èròjà kan tó ń jẹ́ bórọ́ọ̀nù sí i bó ṣe ń dàgbà, bíńtín báyìí, kó lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń darí iná. Lẹ́yìn náà la óò mú ojú rẹ̀ dán, a óò fi ásíìdì gbígbóná fọ̀ ọ́. Bí ìka bá kàn án pẹ́rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń rà á gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ fún àbùlà. Ǹ bá kúkú pè é ní iyọ̀ inú ọbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, Màámi pè mí láàárọ̀ yìí. Inú yàrá tí eruku kò gbọdọ̀ wọ̀ ni mo wà, dáyámọ́ǹdì nínú ásíìdì, fóònù ń gbọ̀n lẹ́yìn gíláàsì. Mò ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Wọ́n á ti rò pé ojú ló ń tì mí. Ọ̀gá mi ní kí n dúró sójú kan, pé ìrìnkurìn mi ń gbé eruku dìde.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, àwọn ọmọ, àti ológbò.

Mo tún pe Màámi kí n tó fọwọ́ sí èyí. Wọ́n gbé e! Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní mi ò tíì jẹ. Wọ́n ní, "Lọ jẹun, alábùlà." Wọ́n sì pa á.

Èmi ni tiyín, tí ń lọ jẹun,
Ọmọ Ìyá Ojúlówó.