Ojú Ta Ni Yóò Wà Lára Ọ̀rá Róbó?

Abà Ọ̀dàn,
Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé.

Ameenat ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó kí o tó kà á. Mo kí ọ, mo kí Nùréènì ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ẹni tó bá ń béèrè mi ní Agége. Ìwọ tí o ń dúró nídìí iná gáàsì láti àárọ̀, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iná rẹ kú, epo gbígbóná ò ní ta sí ọ lójú, ọwọ́ rẹ ò sì ní rọ kó tó lówó. Àmín.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ń ro wọ́n bí òjò bá ti ṣú, àmọ́ wọ́n ṣì ń lọ sóko. Ẹ̀gúsí ọdún yìí dára, a ti fọ́ bàrà, a ti fọ̀ ọ́, a sá a sórí àpáta. Ewúrẹ́ Ìyá Afeez tó múlé gbè wá jẹ nínú rẹ̀, mo sì lọ fẹjọ́ sùn, ó ní kí n má bínú, ewúrẹ́ òun ò mọ̀wé. Èmi tí mo mọ̀wé ńkọ́? Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pè fún ẹlòmíràn kọ. Bàbá rẹ ní kí n fi fóònù sọ ọ́. Mo ní rárá, fóònù a máa gbọ́ ọ tí ohùn èèyàn bá ń gbọ̀n, ìwé kì í gbọ́.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Iléyá èṣí, o gbé páálí róbó mẹ́rin wá sílé. Inú mi dùn títí mo fi yẹ ọ̀rá rẹ̀ wò. Wọ́n kọ “Róbó Ìyá Nùréènì” sí i gàdàgbà, àwòrán ìyá ọkọ rẹ sì wà níbẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gbin ẹ̀gúsí rí. Ameenat, àna mi ò mọ róbó í ṣe. Níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ, wọ́n din ún, ó fọ́nká sínú epo bí iyanrìn, ṣíbí ni gbogbo wa fi kó o. Mo mọ̀ pé àwọn ló fún ọ ní yàrá iwájú ilé wọn kí o fi ṣe ilé iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ọpẹ́ lo fi dá wọn. Àmọ́ yàrá ni wọ́n fún ọ, ọwọ́ tí o fi ń ṣe é, èmi ni mo fún ọ. Ìyá Afeez bi mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù pé ta ni Àlájà arẹwà yìí. Mo ní àna mi ni. Nígbà tí mo délé, mo fi àlùmọ́gàjí gé orí wọn kúrò lára gbogbo ọ̀rá tó kù, ni atẹ́gùn bá wọ inú róbó, gbogbo rẹ̀ sì rọ̀. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Jọmílójú dé, ọmọbìnrin tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, tó tẹ̀lé ọ wá sílé nígbà kan. Kò sọ fún mi pé òun ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, èmi náà ò sì béèrè. Ó ra búrẹ́dì Agége wá, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ, ó bá mi ṣa ẹ̀gúsí. Nígbà tó yá, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ. Ó ní, “Màmá, ọwọ́ yín là ń jẹ lẹ́nu, ojú ẹlòmíràn là ń rí.”

Inú mi yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, mo ti sọ fún un nípa ohun tí ìwọ máa ń lọ pò nínú yàrá kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà rí i, ẹ̀fìnrín gbígbẹ tí a gún kúnná, àti ìgbà tí à ń fi sí i. Ó ní òun fẹ́ ṣe róbó tòun, orúkọ mi lòun fẹ́ kọ sí i, àwòrán mi lòun fẹ́ lò. Ó fi fóònù yà mí, ó sì yọ ìwé kan jáde pé mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò ní kí n tẹ̀ka, ó ní rárá, kí n buwọ́ lù ú. Láti ìgbà tí mo ti ṣe tán nílé ìwé àgbà, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n buwọ́ lu nǹkan. Mo kọ orúkọ mi tán, mo tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nísàlẹ̀ nítorí ó wù mí.

Nígbà tí àwòrán ọ̀rá náà dé orí fóònù bàbá rẹ, mo rí ara mi. “Ojúlówó Róbó Ìyá Ameenat.” Mi ò ronú pé orúkọ tìrẹ ló wà nínú orúkọ mi. Orúkọ mi nìkan ni mo rí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn, títí wọ́n fi ní kí n yé fi ìka nu ojú ara mi, pé ó ń lọ pe àwọn èèyàn.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá ni lọ́yà rẹ, Olúwalóṣèyí, wá pè mí. Ó kí mi bí ọmọlúàbí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ọgbà ti dá ọjà rẹ padà, wọ́n ní ayédèrú ni, pé ìyá Ameenat fúnra rẹ̀ ló wà lára ojúlówó. Ó ní àwọn oníbàárà rẹ ní Ifako ń ra ti Jọmílójú, wọ́n rò pé ìwọ lo yí ọ̀rá padà. Ó ní lóòótọ́ lo forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àmọ́ ìyẹn yàtọ̀ sí tiréèdì máàkì, èyí tó ń dáàbò bo orúkọ àti àmì tó wà lára ọjà, o ò sì gba ìyẹn rárá. Jọmílójú ti kọ̀wé béèrè fún tirẹ̀ ní Àbújá, ní kíláàsì kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú. Ilé ìwé wo ló ní kíláàsì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n? Ní tiwa, mẹ́fà ló parí sí. Mo bi í pé máàkì mélòó ni róbó tìrẹ gbà tí ti Jọmílójú fi kọjá rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìdánwò, pé ìsọ̀rí ọjà ni kíláàsì yẹn. Ó ní wọ́n ti tẹ orúkọ náà sínú ìwé ìkéde, oṣù méjì ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó, ó sì ti ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, ó lè di ti Jọmílójú, bí o bá sì fi orúkọ ara rẹ tà á, wọn yóò máa lé ọ kiri pé o ń jí orúkọ ìyá rẹ lò.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi ọlọ́pàá mú un, ṣebí ó jí àṣírí. Ó ní Jọmílójú ò jí i, èmi ni mo fún un. Ó tún ní ìwọ náà ò ṣe é bó ṣe yẹ, pé ọdún méjì ni ọmọ yẹn fi bá ọ ṣiṣẹ́ láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin ní kó tó ju oṣù mẹ́ta lọ ni kí òṣìṣẹ́ ti gba ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, kò sì síbi tó ti buwọ́ lù ú pé òun ò ní sọ ohun tóun rí nílé iṣẹ́ rẹ. Ìyẹn ya mí lẹ́nu. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti fi bá bàbá rẹ ṣiṣẹ́, wọn ò fún mi níwèé. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n lọ bi lèmọ́mù tó so yìgì wa, ẹni tó ti kú.

Mo pe Jọmílójú, mo ní kó dá ìwé mi padà. Kò bú mi. Ó ní, “Màmá, ẹ ti buwọ́ lù ú. Ẹ tilẹ̀ buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì.” Ó ní nígbà tí ibà dá òun dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, o fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, o ní kóun má padà wá, láìsọ ṣáájú. Ṣé òótọ́ ni?

Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́yà lo ní kó pè mí, ìwọ ò pè. Ìyá ọkọ rẹ ni mo kọ́kọ́ ń jowú, ó wá di pé mò ń jowú lọ́yà, nítorí òun lò ń bá sọ̀rọ̀.

Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Olúwalóṣèyí ní bí èmi tí mo ni ojú àti orúkọ bá fọwọ́ sí àtakò náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò lè ṣèlérí pé a ó borí. Mo ti sọ fún un pé mi ò ní parọ́ pé mi ò mọ̀wé. Mo mọ̀wé, owú ni kò jẹ́ kí n kà á. Màá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kí o mọ̀ pé kò rọrùn fún mi, nítorí ara ọ̀rá yẹn nìkan ni ayé ti rí mi rí. Mo ti ní kí bàbá rẹ pa àwòrán náà rẹ́ lórí fóònù, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọjọ́ mẹ́ta sí i.

Kí o tó bá Jọmílójú rojọ́, fún un ní ẹ̀tọ́ tó yẹ ẹni tó fi ọdún méjì sìn ọ́, kí o sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ibà yẹn. Uswat tó wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí, kọ ìwé fún òun náà. Ní ti orúkọ tuntun tí ẹ máa mú lọ sí Àbújá, lọ́yà ní kó má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú ìyá méjèèjì. Mo gbà. Bí àna mi bá kọ̀, jẹ́ kí n gbọ́, nítorí èmi náà yóò kọ̀.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, má fi sí bánkì mi. Àwọn ọmọ bánkì ní kí n mú BVN mi wá, mo ti tú gbogbo àpótí, mi ò rí i. Fi owó awò ojú sí i, kí n lè ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tí lọ́yà máa ń kọ.

Ìyànà Ìpájà ni ọkọ̀ wa máa já sí. Wá pàdé mi níbẹ̀, kí o sì dá wá. Mo ti dárí ji àna mi, àmọ́ ìdáríjì náà ò tíì dé ojú mi.

Ọlọ́run á dá orúkọ rẹ padà fún ọ. Wàá pẹ́ láyé títí àwọn ọmọ rẹ á fi máa jà pé ta ni o fẹ́ràn jù. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sùlíyá.