Ẹjọ́ Omijé Tí Wọ́n Pè Mí Sí Létí Òkun

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo ará ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí pákó ni, tí omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi, mo kí yín, ẹ kú àìrí mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti Ìdòwú ìyàwó mi wà ní àlàáfíà, a sì dúpẹ́.

Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé. Tísà ìjọ wa níbí ló ń bá mi kọ èyí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí mo gbọ́ pé láàárín ọjà ni obìnrin tó máa ń wá ra ẹja gbígbẹ lọ́dọ̀ wa ti sọ fún ìyá mi pé wọ́n lé mi kúrò nílùú, pé mo fẹ́ kí àna mi kú sómi. Gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọjà gbọ́ èsì rẹ̀ náà. Wọn kò lé mi. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Abúlé kékeré ni ibi tí mo ń gbé. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté tí wọ́n ń pè ní Zion Pepe, yóò tún lọ díẹ̀ sí i kó tó débẹ̀. Orí igi ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé sí, afárá pákó la sì ń rìn láti ilé kan dé òmíràn. Kò sí ilẹ̀ tó lè gba ebè mẹ́wàá. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n máa tún afárá àti èbúté ṣe. Afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ ìṣó, ọkọ̀ ayára àwọn tó ń wa epo rọ̀bì sì ń ru omi sókè débi pé pákó tí mo kàn lánàá ti ń mì lónìí. Nítorí náà iṣẹ́ kì í tán, a sì ń jẹun. Pupuru ni wọ́n ń jẹ níbí, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ti mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ títí tí n kò lè jáde, iyán ilé ni mo máa ń rò.

Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọn a máa rẹ́rìn-ín kíkankíkan, wọn a sì máa sunkún kíkankíkan. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n rò pé mò ń bínú sí wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n rí i pé bí ojú mi ṣe rí nìyẹn, ni wọ́n bá sọ mí ní Ẹja Yíyan, wọ́n ní ojú mi gbẹ ju ẹja tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan lórí iná lọ. N kò bínú sí orúkọ náà. Ó dára kí wọ́n ní nǹkan tí wọ́n ń pe èèyàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Sámúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n Ìdòwú, lọ sókun pẹ̀lú àwọn méjì. Láti ìgbà tí epo ti máa ń dà sójú omi, ẹja ti sá jìnnà, àwọn apẹja náà sì ń lé wọn lọ. Ẹ́ńjìnnì wọn kú síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni a kò rí wọn. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé ti ń sunkún. Èmi ń kan èbúté. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń bi mí bóyá n kò gbọ́ ni. Mo ní mo gbọ́. Ọ̀kan ní kí n wá jókòó ti ìyá ìyàwó mi. Mo lọ jókòó, n kò rí ohun tí mo lè sọ, mo padà sídìí ìṣó mi.

Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn apẹja mìíràn fà wọ́n wálé. Ìyá arúgbó kan fò sómi tòun taṣọ. Gbogbo ènìyàn ń kígbe, wọ́n ń ké Halelúyà. Èmi gba okùn ọkọ̀, mo so ó mọ́ òpó, mo ní kí Sámúẹ́lì káàbọ̀, mo wá béèrè pé ẹ́ńjìnnì wọn dà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi mú mi. Wọ́n ní ènìyàn ti ẹnu ikú bọ̀, ẹ́ńjìnnì ni èmi ń wá. Wọ́n ní ó dájú pé mo ti ń retí kó kú kí n lè jogún ọkọ̀ rẹ̀. Baálẹ̀ pè mí síwájú àwọn àgbà. Ìyá ìyàwó mi sì ti sọ pé tí wọ́n bá ní kí n lọ, Ìdòwú kò ní bá mi lọ, nítorí oyún rẹ̀ ti tó oṣù méje.

Wọ́n bi mí bóyá mo sunkún. Mo ní rárá. Wọ́n ní bóyá nínú yàrá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi. Mo ní rárá. Ìyá ìyàwó mi, tó ń bínú sí mi, yọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó pè mí ní ọmọ òun, ó ní kí n ṣáà purọ́ díẹ̀. Mo ní n kò lè ṣe é. Baálẹ̀ ní kí n sọ bí ọkàn mi ṣe rí nígbà náà. Mo ní n kò mọ̀, mo kàn mọ̀ pé oúnjẹ kò wọlé. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní irú ẹni báyìí kò yẹ kó máa gbé láàárín àwọn, pé ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Sámúẹ́lì wọlé, ó fi aṣọ bora, ètè rẹ̀ ṣì ń bó nítorí oòrùn. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé, gbogbo ẹni tó bá wá kí òun ló ń sunkún, òun ló sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń bi òun bí ó ṣe rí, òun kò sì fẹ́ rántí rẹ̀. Ó ní àna òun yìí nìkan ló ń wá ní ìrọ̀lẹ́, tó ń jókòó, tó ń ṣe bí ẹni ń tún àwọ̀n òun ṣe, tó sì ń lọ láìsọ nǹkan kan. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí òun lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní tí wọ́n bá lé mi, ta ni òun yóò máa bá dákẹ́?

Baálẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí n máa gbé, ṣùgbọ́n kí ìyá ìyàwó mi kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ó ń kọ́ mi. Ó ní tí mo bá rẹ́rìn-ín, ó dà bíi pé eyín ń dùn mí. Bàbá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè lé àlejò lọ kí wọ́n sì sùn dáadáa, wọn kò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló sì jẹ́ kí n pe tísà. Ní òwúrọ̀ tí mo ń kúrò nílé, mo gba etí oko, mo ní mo ń lọ o. Ẹ ní ó dára, ẹ kò gbé orí sókè, ẹ ń ro oko yín lọ. Gbogbo ọdún tí mo ti lò níbí ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé inú bàbá mi dùn láti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti pè yín lẹ́jọ́, mo sì ti dá a, láì bi yín ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo jókòó níwájú àwọn àgbà ni mo rántí pé a ti jọ ro ibẹ̀ tán ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kò sí koríko kankan níbi tí ẹ ń ro yẹn. Ẹ foríjì mí.

Ìdòwú yóò bímọ láìpẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́ lórúkọ. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí oko yín so, kí ara ìyá mi le. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí obìnrin tó ń ra ẹja náà, n kò bínú sí i. Ẹ rán orúkọ náà sí wa. Ẹ kò ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Yóò tó wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Akínbọ̀dé