Ìkúnlẹ̀ Mi Kì í Ṣe Ìtúúbá

Ṣọ́ọ̀bù Olúfúnkẹ́ Fọ́tókọ́pì,
Ọ̀nà Òyè,
Ayédé-Èkìtì.
18 Oṣù Kẹta, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Eléré Ṣẹ́ẹ̀sì Àríwá Èkìtì,
Òyè-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ Ọ̀MÌ TÍ ADÁJỌ́ YÍN KỌ SÍLẸ̀ PÉ MO FÌDÍ RẸMI

1. Ní ìdíje ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, èmi àti Alàgbà Fọláhàn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni ẹ fi kojú ara wa. Nínú ìwé tí ẹ fi ń wọn agbára olùdíje, 1240 ni mo jẹ́, Alàgbà sì jẹ́ 1890.

2. Ayaba mi ń lé ọba wọn láti igun kan sí èkejì. Kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì rí i pa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí a padà síbì kan náà, Alàgbà fẹnu ara wọn sọ pé, "Ìyá Gift, jẹ́ ká pè é ní ọ̀mì, ẹ̀yìn ti ń dùn mí." Mo gbà. Àwa méjèèjì kọ ààbọ̀-ààbọ̀ sínú ìwé, a sì fọwọ́ sí i.

3. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! N kò lè dúró gbagidi kí n máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba tiwọn. Adájọ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé, tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń jẹ ẹ̀pà, rí mi lórí eékún, ó sì kọ ọ́ pé mo túúbá.

4. Mo gbé ìwé lọ bá a. Kò wò ó. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí pé 1240 ta ọ̀mì pẹ̀lú 1890. Mo bi í bóyá nọ́mbà ló ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ni àbí ènìyàn. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ọmọ Èkìtì ni, ìyá rẹ̀ sì wà láyé; mo fẹ́ gbà pé ó ti rí obìnrin tó kúnlẹ̀ rí.

5. Ààbọ̀ máàkì yìí ni yóò mú mi wọ inú àwọn mẹ́rin tí ẹ ó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì sí ìdíje ìpínlẹ̀ ní Adó. Láìsí i, èmi ni ẹnì karùn-ún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọdún méje ni mo fi kọ́ eré yìí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ṣe fọ́tókọ́pì lọ́dọ̀ mi.

6. N kò tọrọ ìborí. Ẹ bi Alàgbà léèrè, ẹ sì wo ẹ̀dà ìwé tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ̀mì síbi ọ̀mì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn yín pé obìnrin tó bá kí àgbà níbẹ̀ ti fìdí rẹmi, kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ irú ilé tí wọ́n wọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín tí ń retí èsì,
Olúfúnkẹ́ Dàda (Ìyá Gift),
Olùdíje.