Àwọn Tó Mọ̀ Ni Mo Ń Pa Rẹ́ Nínú Fóònù Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Èmi náà rèé ní Thamesmead, mo ti fèrèsé nítorí atẹ́gùn odò, tíì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń pa àwọn èèyàn rẹ́ nínú fóònù. Ẹ má bínú pé irú ìròyìn tí mo mú wá bá yín nìyí. Inú ló ń bí mi. Láti ọdún tó kọjá tí mo ti gbọ́ pé ẹ ti lọ ló ti ń bí mi, kò sì tíì rẹ̀ mí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé fóònù mi kún. Mo fẹ́ ya àwòrán ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbi iṣẹ́, èyí tó ń sọ ọjọ́ tí kálukú máa wọlé, fóònù ní òun ò gbà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Woolwich. Kò tiẹ̀ tíì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa tó ti ń fi tuntun hàn mí, tó ń fi aṣọ nù ún kó lè máa dán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ẹ mọ̀ mí. Nǹkan tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, n kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Bàtà kan náà lẹ máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún, ẹ á kàn kùn ún ní póláàṣì, ẹ á wá gbé e síta kí aládùúgbò lè rí i.

Mo ní kí Tómi ọmọ mi, ẹni tí ẹ máa ń pè ní Ìyá Gẹ̀ẹ́sì, fi bí wọ́n ṣe ń pa orúkọ rẹ́ hàn mí.

"Mummy, contacts kì í gba space," ó ní. "Videos ló ń gba space. Wo eléyìí, ìyá kan ń gbàdúrà sórí omi. O tiẹ̀ ti wò ó rí?"

"Fi ìyá olómi sílẹ̀. Orúkọ ni mo sọ."

"But why?"

"Tómi."

"Okay, okay. Tẹ orúkọ ẹ̀. Lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó pupa yẹn. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Bàbá, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ìbéèrè tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú.

Ẹni tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni Sister Fúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Connaught Estate. Ẹ mọ ohùn rẹ̀. Òun ló máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ mi láti kí yín ní "Daddy wa", tí ẹ̀yin náà á máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rántí pé ìwé ìgbélùú mi jáde lọ́dún tó kọjá? Mo ṣe ìdúpẹ́ nítorí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ ní Thamesmead West. Èmi àti Fúnkẹ́ la jọ jó lọ síwájú. Mo wọ léèsì tuntun, mo tẹ̀ síwájú, mo tẹ̀ sẹ́yìn, mo nawọ́ sókè, mo ń pariwo pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà bàbá mi. Ẹ̀yin ti wà ní mọ́ṣúárì nígbà yẹn. Fúnkẹ́ mọ̀. Pásítọ̀ mọ̀. Obìnrin tó ń nu òógùn lójú mi mọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jó.

Ẹnì kan fi fídíò ijó náà ránṣẹ́ sí mi. Ó wà lára ohun tó gba àyè nínú fóònù yìí, ṣùgbọ́n n kò pa á rẹ́. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń dá a dúró, mo máa ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wo ilẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn létí, ẹni tó pàtẹ́wọ́ tí ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti mọ ojú, mo mọ orúkọ. Tí mo bá ti mọ orúkọ, mo mọ ibi tó pupa.

Nígbà tí mo bi Fúnkẹ́ léèrè, ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n yín ló pè wá o. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ó ní ká má jẹ́ kí ẹ gbọ́ lójijì." Ó fẹ́ kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, Bàbá! Nínú ilé mi, lórí àga mi!

Mo mọ àṣà wa. Mo mọ̀ pé wọn kì í dédé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Wọ́n á wá bá èèyàn nílé, wọ́n á ní kó jẹun ná, àgbà kan á wá mú un lọ́wọ́. Ta ló wá bá mi? Wọ́n sin yín, wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n dá àga padà fún àwọn tó ni ín. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ta ló bá mi da iyẹ̀pẹ̀ tèmi?

Bọ̀ọ̀dá Akin, àkọ́bí yín, ló ṣètò gbogbo rẹ̀. Fóònù yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá pè lọ́jọ́ Sunday bí mo ṣe máa ń ṣe, òun ló máa gbé e.

"Bàbá ń sùn."

Mo tún pè.

"Wọ́n ń sùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

Mo ní kó má jí yín. Mo tiẹ̀ rẹ ohùn mi sílẹ̀, kí n má baà da oorun yín rú.

Ọ̀kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ó fi fóònù yín kọ̀wé sí mi: Ọmọ mi, ara mi le, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tẹ lẹ́tà kan rí lórí fóònù! Ohùn lẹ máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ á kọ́kọ́ wúkọ́, ẹ á ní "Ṣé ó ti ń gbà á?", lẹ́yìn náà lẹ ó wá gbàdúrà. Tí ẹ bá ṣe àmín tán, ẹ ò ní rántí pa á. Mo máa ń gbọ́ sálúbàtà yín tí ẹ bá ń wọ́ ọ lọ, mo máa ń gbọ́ tí ẹ bá ń lé adìyẹ kúrò lórí gaàrí tí wọ́n sá. Mo máa ń gbọ́ ọ títí tó fi máa parí. Nígbà tí mo rí ìwé yẹn, inú mi dùn, mo ní ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo fi hàn wọ́n níbi iṣẹ́, mo ń yangàn.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ẹni tó tú àṣírí? Ìyá Ìbejì ti Belvedere ni, ẹni tí gbogbo wa máa ń sá fún nítorí ẹnu rẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi status wọn pamọ́ fún mi. Ìyá Ìbejì ò mọ̀ ọ́n. Ó kàn gbé àwòrán yín síta, èyí tí ẹ dé fìlà búlúù, pẹ̀lú òdòdó lápá méjèèjì. Mo wà níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, oòrùn ń ta sí ojú fóònù, Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì gùn. Mo rò pé ọjọ́ ìbí yín ni mo gbàgbé. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ bá mi kí Bàbá mi, happy birthday."

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni?"

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó tún ti ilẹ̀kùn, ó lọ. Ìyá Ìbejì wà lórí fóònù pẹ̀lú mi títí ọkọ rẹ̀ fi gbé e wá bá mi níbẹ̀. Wọ́n ti fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ti bú u pé kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú fóònù mi. Ó máa ń pè mí nísinsìnyí, ó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó jẹ́ kí n sọ ẹyọ kan, mo sì máa ń jẹ́ kó sọ ọ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá kan bá dákẹ́ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ò ní tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n á ti pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí kì í wá wò ó rárá, wọ́n á pè é. Èmi náà ti dúró ti bàbá òyìnbó kan báyìí rí, mo nu ojú rẹ̀, mo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ fi wọlé. Èmi tí mo ń ṣe èyí fún bàbá ẹlòmíràn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò lè gbé ti bàbá tèmi.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn. Mo ti ṣírò rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Akin mọ̀ pé tí mo bá gbọ́, màá ní kí wọ́n gbé yín lọ sí oko, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a sin Màámi sí, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Iwájú ilé yín nígboro ló sin yín sí, ó lẹ táìlì sí i, ó sì kó wọnú ilé náà. Ta ló máa wá bá a du ilé tí òun nìkan sin bàbá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá kan náà ló bí wa.

Mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo sì dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣe. Mo wà ní ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ níjọ́ kan, fóònù dún, mo wò ó, ẹ̀yin ni. Fìlà búlúù yín, ojú yín, Bàbá Mi. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá!"

"Èmi ni o," ó ní. "Ṣé wàá wá gbé e báyìí?"

Nọ́ńbà yín ló fi pè mí. Kí lẹ rò pé ó fẹ́? Títọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti rí ilé ìwé síhìn-ín, ó sì ń wá ibi tí ọmọ náà máa dé sí. Láti ọjọ́ yẹn, ojú yín ló fi ń kan ilẹ̀kùn mi. Bí mo bá fẹ́ pa á rẹ́, ẹ̀yin ni mo máa pa rẹ́. Ìyẹn ló ti dá mi dúró, Bàbá. Mo ti yọ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tán, mo wá dé orí yín, ọwọ́ mi ò gbé e.

Àárọ̀ òní ni mo rí i ṣe. Tómi ti kọ́kọ́ bá mi kó gbogbo ohùn yín síbi ọ̀tọ̀, ti ikọ́ àti ti adìyẹ. Lẹ́yìn náà mo ṣí orúkọ yín, mo pa nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ rẹ́, mo fi orúkọ sílẹ̀. Mo rò pé fóònù á kọ̀. Kò kọ̀. Bàbá Mi wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú fìlà yín, ibi tí nọ́ńbà ń gbé sì ṣófo. Kò sí ẹni tó tún lè gbé ojú yín wọ̀ wá bá mi.

Bọ̀ọ̀dá Akin pè lọ́sàn-án yìí, nígbà tí mo ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́. Nọ́ńbà lásán ló jáde. Mo na fóònù sí Tómi, mo ní kó gbé e sórí speaker. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún yín: Tómi náà mọ̀ nígbà náà. Bọ̀ọ̀dá Akin ti mú un búra. Ó máa ń sunkún ní balùwẹ̀, á ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. N kò lè pa ọmọ mi rẹ́, nítorí náà mo gbé iṣẹ́ fún un.

"Hello, Uncle."

"Tómi. Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Mummy ń sùn."

"Ọ̀sán gangan?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

"Ó? Ta lò ń pè ní ó? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni ìyá ẹ?"

"Sorry, Uncle. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Wọ́n ń sùn."

 Ó ti mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù.

"Jí i," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Tómi, jọ̀ọ́. Ọjọ́ tí ọmọ mi máa wọ ọkọ̀ òfuurufú ti sún mọ́lé. N kò mọ ibi tó ń lọ."

"Wọ́n ní kí n má jí wọn, Uncle."

Bàbá, yàrá Títọ́ ti wà nílẹ̀. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti ra ìbora dùfẹ́ẹ̀tì tó nípọn. Ọmọ náà mọ̀, èmi àti ẹ̀ ti jọ sọ ọ́, ó sì ti ṣe ìlérí pé òun ò ní sọ. Tómi mọ̀. Ìyá Ìbejì pàápàá mọ̀, ó sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ọmọ nìkan ni kò mọ̀. Ó lè wá rí i lórí status ẹnì kan lọ́jọ́ kan, kó rò pé ọjọ́ ìbí ni.

Ṣé ẹ máa bá mi wí? Ẹ bá mi wí. Ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi sọ. Lọ́jọ́ tí ó bá gbé yín kúrò lábẹ́ táìlì yẹn, tó gbé yín lọ bá Màámi, lọ́jọ́ náà ni màá jí.

Tómi ti gbé fóònù padà fún mi. Tíì mi ti tutù. Mo fẹ́ tún gbọ́ èyí tí ẹ ti ń lé adìyẹ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada.