Okùn Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Rélùwéè Kékeré

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlaró níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Fọlá, mo kí Ṣọlá àbúrò mi. Owó oúnjẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, mò ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe nírọ̀lẹ́. Tí a bá ti jáde ní kíláàsì, tí mo sì dé iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan lójú ọ̀nà, màá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òkúta tó wà níbẹ̀. Màá tú okùn bàtà mi, màá gbọn eruku pupa ara rẹ̀ dànù, màá wá máa so ó padà díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá so ó tán, màá tún tú u. Ojú mi kò sí lára bàtà o. Yàrá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ni mò ń yọjú wò, nítorí rélùwéè kékeré kan ń sáré lórí tábìlì níbẹ̀.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe é. Agolo mílíìkì ni ara rẹ̀, bátìrì ló ń gbé e rìn. Ojú irin tó gba ìlú yìí kọjá lọ sí Ìdógò láyé àtijọ́ ni Bàbá tún tò sórí tábìlì, pẹ̀lú àwọn obìnrin onígàrí tó dúró ti ọkọ̀, tí wọn kò ga ju àtàǹpàkò lọ.

Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í tètè yá. Níbí, tí mo bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí pé ará ibo ni mí. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè bíi ti Ìkàrẹ́ tí ojú mi lè sinmi lé. Tí òjò bá ṣú, àárò ilé á sọ mí gan-an.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá náà, mo ronú títí nípa ìkíni tó yẹ. Mo wá kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú eré o. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó ní eré ta ni? Ṣé ayò lòun ń ta ni? Ìtìjú bá mi, mo kàn na ọwọ́ sí ọkọ̀ náà láìmọ̀. Ó pariwo pé má fọwọ́ kàn án! Mo sá jáde.

Ṣùgbọ́n mi ò yé tú okùn bàtà mi níbẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ iléèwé tó wọlé, tí wọ́n gbọ́ má fọwọ́ kàn án, tí wọn kò padà wá mọ́. Mo rí Màmá onílé mi, tó ta gàrí fún èrò ọkọ̀ ojú irin nígbà tó wà lọ́mọge. Ó na ọwọ́ sí obìnrin onígàrí kan lórí tábìlì. Bàbá ní ẹ má fọwọ́ kàn án o, Màmá. Màmá onílé ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá pè mí láti inú yàrá náà. Ó ní ìwọ Olókùn-bàtà, ṣé okùn yẹn kò tíì já ni? Káfíńtà tó ni yàrá wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹni tuntun kò bá wá wo rélùwéè náà lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pákó lòun máa kó síbẹ̀. Bàbá wá bi mí pé kí ló ń lé èèyàn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, nílé wa, omi la kọ́kọ́ ń fún àlejò. Níbí, má fọwọ́ kàn án ni. Káfíńtà pàtẹ́wọ́, ó ní ọmọ Ìkàrẹ́ ti fọhùn!

Bàbá gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí irin, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó gbóná wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ó ní èmi ni n óò dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Sátidé, tọmọdé tàgbà ni kí n gbà wọlé. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń sọ pé ẹ fọwọ́ kàn án, ohùn rẹ̀ ń jáde bíi ti ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì.

Màmá, ọ̀la ni Sátidé. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mi ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá, yàrá náà á di ti pákó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè mí lórúkọ ní ìlú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ okùn bàtà.

Ẹ gbàdúrà fún mi. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí ẹ̀yin àti Bàbá mi sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò.

Lọ́la, bàtà tí kò lókùn ni màá wọ̀. Màá kọ́kọ́ lọ mú Màmá onílé wá, màá sì gbé obìnrin onígàrí kékeré yẹn lé e lọ́wọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ kankan.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀